Ewé ata yín ń kákò? Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ kẹ́ ẹ tó lọ ra oògùn

Ní Ẹ̀pẹ́ níbí, ní Ṣàgámù, ó ṣòro kéèyàn rí ilé tí wọn ò gbin nǹkan kan sí ẹ̀yìnkùlé. Bí kò bá jẹ́ ata rodo méjì mẹ́ta nínú korobá tó ti ya, á jẹ́ ìbẹ́pẹ tó dá hù lẹ́bàá ògiri, tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ níbi tí omi ìwẹ̀ ń ṣàn sí, tàbí pákí díẹ̀ tí ìyá àgbà ní kí wọ́n fi igi rẹ̀ gúnlẹ̀. Gbogbo wa la mọ iye tí wọ́n ń ta ata lọ́jà. Igi ata kan tó bá ń so dáadáa lẹ́yìnkùlé, owó ọbẹ̀ ló ń bá onílé fi pamọ́.

Ìdí nìyí tí àyà èèyàn fi máa ń já tó bá jí láàárọ̀, tó rí i pé ewé ata òun ti kákò, tó rún, bí ìgbà tí wọ́n fi iná yá a. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa sì máa ń ṣe ni pé a ó sáré lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta oògùn kòkòrò, a ó ní, "Ẹ fún wa ní ti ewé tó ń kákò." Òun náà á nawọ́ mú ìgò kan, á ní ẹ pò ó mọ́ omi, ẹ fọ́n ọn.

Èmi tí mò ń kọ èyí náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn ni, ata mi bíi mẹ́jọ kákò lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ra oògùn, mo fọ́n ọn lọ́sàn-án gangan. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, ewé tó kù ti jó. Baba kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba ló wá bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Ṣé o yí ewé yẹn padà wò?" Mo ní, "Rárá, sà." Ó ní, "O wá ń tọ́jú àìsàn tí o ò mọ orúkọ ẹ̀."

Ọ̀rọ̀ tí baba yẹn sọ ni mo fẹ́ bá yín tú síwẹ́wẹ́ lónìí. Ewé tó kákò kì í ṣe àìsàn fúnra rẹ̀, àmì ni. Ó dà bí ara gbígbóná. Ibà lè fà á, oòrùn lè fà á, egbò tó ń kẹ̀ náà lè fà á. Ẹni tó bá lo oògùn ibà fún egbò, owó ẹ̀ ló dànù, egbò ò sì jiná. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún ewé. Ohun tó ń fà á lé ní mẹ́rin, ìtọ́jú wọn ò sì jọra.

Kí ló dé tí ewé fi ń kákò?

Ewé ní ojú, ó ní ẹ̀yìn. Tí ojú bá ń dàgbà, tí nǹkan kan sì ń dí ẹ̀yìn lọ́wọ́, ewé á tẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Tó bá jẹ́ ojú ni wọ́n dí lọ́wọ́, á ká sókè. Kòkòrò tó ń fa omi ara ewé lè ṣe bẹ́ẹ̀, àrùn inú igi lè ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà míì sì rèé, ewé fúnra rẹ̀ ló ń ká ara jọ kí oòrùn má bàa fa omi ara ẹ̀ tán. Nítorí náà, ìgbà tó ń kákò, ibi tó ti ń kákò lára igi, àti ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ló máa sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ fún yín.

Èkíní: òùngbẹ àti ooru

Tó bá jẹ́ ọ̀sán nìkan ni ewé ń kákò, tó bá di ìrọ̀lẹ́ tàbí àárọ̀ ọjọ́ kejì tó tún na ara ẹ̀, òùngbẹ ni. Ẹni tó bá ti gbin àgbàdo rí mọ̀ ọ́n. Nígbà tí òjò bá dá, tó bá di bí aago méjì ọ̀sán, ewé àgbàdo á ká bíi sìgá. Nígbà tó bá di ìdájí, á tún tẹ́. Kò sí oògùn tí ẹ máa rà fún ìyẹn ju omi lọ.

Ata inú korobá ló ń jìyà eléyìí jù, torí iyẹ̀pẹ̀ tó wà níbẹ̀ ò pọ̀, ike dúdú sì máa ń gbóná lóòrùn. Ẹ bomi rin ín láàárọ̀ kùtù tàbí nírọ̀lẹ́, kẹ́ ẹ fi koríko gbígbẹ tàbí ewé gbígbẹ bo ìdí rẹ̀. Lásìkò ọyẹ́, afẹ́fẹ́ gbígbẹ yẹn nìkan tó láti mú ewé ká.

Àmọ́ omi àpọ̀jù náà ń ṣe é. Tí iyẹ̀pẹ̀ bá tutù rinrin, tí ewé ṣì ń rọ, tí ti ìsàlẹ̀ ń pọ́n, gbòǹgbò ló ń kú sómi. Ẹ yẹ ìdí korobá yẹn wò, ṣé ihò wà níbẹ̀? Bí kò bá sí, ẹ lu ú.

Tòmátì ní àṣà tiẹ̀. Tí ooru bá pọ̀, tàbí tẹ́ ẹ bá gé ẹ̀ka rẹ̀ jù, ewé ìsàlẹ̀ á ká sókè, á nípọn, á le, ṣùgbọ́n á ṣì tutù yọ̀yọ̀, igi á sì máa so lọ. Ẹ fi sílẹ̀, kò ṣe é ní nǹkan kan.

Èkejì: kòkòrò tó sá pamọ́ sẹ́yìn ewé

Ibi tí ọ̀rọ̀ baba yẹn ti wúlò jù nìyí. Ẹ yí ewé tó kákò padà, pàápàá èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ lókè, kẹ́ ẹ gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ohun tẹ́ ẹ lè rí rèé:

Bẹ́ ẹ bá rí kòkòrò wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ewé tàbí dúdú, tí wọ́n so mọ́ra bí ìdì, tí ara wọn rọ̀, tí ewé sì ń lẹ̀ mọ́yín lọ́wọ́, omi ara igi ni wọ́n ń mu. Omi dídùn tí wọ́n ń yà sílẹ̀ ló ń mú kí èèrà máa tò gun igi. Bí ewé ìsàlẹ̀ bá wá ṣú bí ìdí ìkòkò, orí omi dídùn yẹn ni ohun dúdú náà hù sí. Èyí pọ̀ lára ata, ilá àti ọmọ ewé ọsàn.

Bẹ́ ẹ bá mi igi, tí nǹkan funfun kéékèèké fò bí ìyẹ̀fun tí wọ́n gbọ̀n, eṣinṣin funfun ni wọ́n. Ẹ má fojú kékeré wò wọ́n. Wọ́n ń mu omi igi, wọ́n sì tún ń gbé àrùn kiri, bí ẹ̀fọn ṣe ń gbé ibà.

Bẹ́ ẹ ò bá rí kòkòrò kankan, ṣùgbọ́n tí ewé ata tó wà lókè pátá ká sísàlẹ̀, tó tín-ín-rín, tó le, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán bíi bàbà, ohun tó wà níbẹ̀ kéré ju ohun tí ojú lásán lè rí lọ. Ìbátan eégbọn ni, kì í ṣe kòkòrò gidi. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ oògùn kòkòrò ò fi ràn án. Ohun tí oògùn yẹn tiẹ̀ máa ń ṣe ni pé á pa àwọn tí ì bá jẹ ẹ́, tirẹ̀ á wá máa bí sí i. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ewé ká sókè bí ọkọ̀ ojú omi, tí àmì fàdákà fàdákà wà lára rẹ̀, kòkòrò tín-ín-rín tó ń ha ojú ewé ló sábà máa ń fà á.

Lára igi ọsàn, ẹ lè rí ìlà funfun tó ń rìn wọ́gọwọ̀gọ nínú ọmọ ewé bí ipa ọ̀nà ìgbín, tí ewé náà sì ká. Ìdin kòkòrò kan ló ń jẹ̀ lábẹ́ awọ ewé. Igi ọsàn tó ti dàgbà lè fara dà á láìsí oògùn. Ọmọ igi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ́ ló yẹ kẹ́ ẹ ṣọ́.

Nǹkan kan tún wà tó máa ń da èèyàn láàmú lásán. Lórí igi ọsàn, máńgòrò àti obì, ẹ lè rí ewé tútù tí wọ́n ká pọ̀, tí wọ́n fi òwú funfun rán mọ́ra bí àpò. Àwa ará Rẹ́mọ tí à ń ká obì mọ̀ wọ́n, torí wọ́n máa ń já èèyàn jẹ lórí igi. Ilé èèrà pupa ni. Àìsàn kọ́. Èèrà yìí ń pa kòkòrò tó ń ba èso jẹ́. Àwọn olùwádìí ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ti rí i pé igi máńgòrò tí wọ́n bá pọ̀ sí lórí, eṣinṣin tó ń yìn sínú èso ò rọ́wọ́ mú níbẹ̀ bíi tàwọn igi yòókù. Ẹ ṣọ́ra fún wọn tẹ́ ẹ bá ń ká èso, ṣùgbọ́n ẹ má sun wọ́n níná.

Ẹ̀kẹta: àrùn tí kò gbóògùn

Bí ewé bá kákò láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́, tí àwọ̀ rẹ̀ di àbùlà, ibì kan pọ́n, ibì kan tutù, tí ewé tuntun ń kéré sí i, tí igi ràn kínkín tí kò ga mọ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ fáírọ́ọ̀sì. Ata ní tiẹ̀, tòmátì ní tiẹ̀, ilá ní tiẹ̀, ìbẹ́pẹ náà ní tiẹ̀. Kò sí ìgò kankan lọ́jà tó lè wo fáírọ́ọ̀sì sàn lára igi, ẹni yòówù kó bá yín sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó kù ni kẹ́ ẹ fà á tu kí eṣinṣin funfun tó gbé e dé ara èyí tó kù, kẹ́ ẹ sun ún tàbí kẹ́ ẹ rì í mọ́lẹ̀. Mo mọ̀ pé ó ń dunni láti fa igi ata tí èèyàn ti ń bomi rin láti oṣù méjì tu. Àmọ́ ẹyọ kan tẹ́ ẹ bá ṣàánú fún lè kó mẹ́wàá lọ.

Ti pákí ló tilẹ̀ le jù, torí oúnjẹ wa ni. Àrùn tó ń mú ewé pákí kákò, tó ń jẹ́ kó ní àbàwọ́n ìyeyè, tí apá kan ewé á kéré ju èkejì lọ, ti wà tipẹ́. Ọdún 1894 ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀ sínú ìwé, ní ibi tó di Tanzania lónìí. Láti ìparí àwọn ọdún 1980, irú rẹ̀ tó le gan-an bẹ́ sílẹ̀ ní Uganda. Ó ba pákí jẹ́ débi pé àgbẹ̀ ìlú míì pa á tì pátápátá, ebi sì mú. Níbí, ilé iṣẹ́ ìwádìí IITA tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn lọ́dún 1967 ti ṣiṣẹ́ púpọ̀ láti rí pákí tí àrùn náà kì í tètè bá jà. Ọ̀kan lára èyí tí wọ́n mú jáde, tó gbajúmọ̀ lọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀, ni TMS 30572.

Àmọ́ báwo ni àrùn yìí ṣe ń dé ẹ̀yìnkùlé wa? Eṣinṣin funfun ń gbé e, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwa gan-an la ń gbé e jù. Ọ̀pọ̀ wa kì í ra igi pákí, ṣe là ń tọrọ ẹ̀ lọ́wọ́ aládùúgbò tàbí àna. Nígbà tí wọ́n bá sì ti gé igi náà, tí wọ́n já ewé rẹ̀ dànù, kò sí ojú tó lè dá èyí tó ń ṣàìsàn mọ̀. Àárín igi ni àrùn wà. Ẹ ti gbé e délé nìyẹn. Nítorí náà, ẹ lọ wo pákí náà nígbà tí ewé rẹ̀ ṣì wà lórí, kẹ́ ẹ fi okùn sàmì sí èyí tí ewé rẹ̀ tẹ́, tó tutù dáadáa. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ gé e, èyí tẹ́ ẹ sàmì sí nìkan ni kẹ́ ẹ gbà.

Kì í ṣe gbogbo pákí tó bá kákò ló ní fáírọ́ọ̀sì o. Tó bá jẹ́ orí rẹ̀ nìkan ló dì pọ̀ bí ẹ̀ṣẹ́ lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, tí nǹkan funfun bí ìyẹ̀fun wà láàárín ewé, kòkòrò ni. Gúúsù Amẹ́ríkà ni kòkòrò yẹn ti wá, ó dé ilẹ̀ Áfíríkà ní nǹkan bí ọdún 1973, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ pákí tán ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Oògùn kọ́ ló ṣẹ́gun rẹ̀. Agbọ́n tín-ín-rín kan tí wọ́n lọ mú wá láti Gúúsù Amẹ́ríkà ni, tí IITA bẹ̀rẹ̀ sí í tú sílẹ̀ ní Nàìjíríà lọ́dún 1981. Agbọ́n yìí ń yìn sínú kòkòrò náà, ọmọ rẹ̀ á sì jẹ ẹ́ láti inú. Hans Herren tó ṣáájú iṣẹ́ yẹn gba ẹ̀bùn World Food Prize lọ́dún 1995. Ẹni tó bá ń fọ́n oògùn kòkòrò sórí pákí, agbọ́n yẹn ló ń pa.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀: èyí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi etí sí eléyìí dáadáa. Àrùn kan wà tó ń mú kí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ dì jọ sókè bí ìgbálẹ̀, tí ewé á dúró ṣánṣán, á tín-ín-rín, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á pọ́n, á sì ká sókè. Bẹ́ ẹ bá wo igi ewé àti ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ ó rí ìlà àti àmì tótòtó aláwọ̀ ewé dúdú. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó bá ti tètè kó o kì í so mọ́. Fáírọ́ọ̀sì ni òun náà, kòkòrò dúdú kékeré tó máa ń wà ní ìdí ewé ló ń gbé e. Ní nǹkan bí ọdún 2012 ni wọ́n rí i ní Nàìjíríà, Ìpínlẹ̀ Ògùn wa yìí ni wọ́n sì ti rí i, ní apá ibi tó bá Bẹ̀nẹ̀ pààlà. Láti ibẹ̀ dé Rẹ́mọ ò jìnnà bí èèyàn bá ń kó ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú ọkọ̀. Ẹ má gba ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tẹ́ ẹ ò bá tíì rí ìyá rẹ̀ lórí ìdúró. Èyí tó bá sì ti ní àmì yẹn, ẹ hú u tìdítìdí, àti ọmọ rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin: oògùn koríko tó fò wá láti ilé kejì

Èyí ló ń ya èèyàn lẹ́nu jù. Ata kákò, ìbẹ́pẹ kákò, pákí kákò, ẹ̀fọ́ kákò, láàárín ọjọ́ díẹ̀ síra wọn, tí ọmọ ewé lọ́ bí okùn tàbí kó tẹ̀ bí ife. Kòkòrò kan kì í sábà bá gbogbo wọn jà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ béèrè bóyá aládùúgbò kan fọ́n oògùn koríko. Àwọn irú bíi 2,4-D lè bá afẹ́fẹ́ rìn, èyí tó kéré gan-an sì tó láti lọ́ ewé tòmátì. Ẹ wò ó, apá tó kọjú sí ibi tí wọ́n ti fọ́n oògùn ló máa ń bàjẹ́ jù. Nígbà míì sì rèé, àwa fúnra wa ni. Páǹpù tí a fi fọ́n oògùn koríko lánàá, tí a ò fọ̀ dáadáa, ni a tún fi fọ́n nǹkan míì sí ata lónìí. Páǹpù koríko yẹ kó dá wà.

Kí lẹ máa wá ṣe?

Àkọ́kọ́, ẹ wò ó lẹ́ẹ̀mejì, lọ́sàn-án àti láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Bó bá na ara ẹ̀ láàárọ̀, omi ni kẹ́ ẹ fún un.

Ìkejì, ẹ yí ewé padà. Bí kòkòrò bá wà níbẹ̀, ẹ fi omi tó ń ya jáde dáadáa fọ ẹ̀yìn ewé, tàbí kẹ́ ẹ fọwọ́ já orí tó kákò kẹ́ ẹ rì í mọ́lẹ̀. Bó bá ṣì wà, ẹ po ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́, ṣíbí tíì kan sí lítà omi kan, kẹ́ ẹ fọ́n ọn sẹ́yìn ewé nírọ̀lẹ́. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò lórí ewé méjì mẹ́ta. Ẹ má lo ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀fun, ó lè jó ewé. Àwọn àgbẹ̀ míì máa ń gún ewé dóńgóyárò, wọn á rẹ ẹ́ mọ́jú, wọn á sẹ́ ẹ, wọn á fọ́n omi rẹ̀. Ó ń lé ọ̀pọ̀ kòkòrò sá.

Ìkẹta, bó bá jẹ́ àbùlà ìyeyè tí kò lọ, ẹ fà á tu. Ẹ má mú igi, ọmọ tàbí irúgbìn lára rẹ̀.

Ìkẹrin, ẹ má fi oògùn eṣinṣin inú ilé sí ohun tí ẹ máa jẹ. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń fọ́n dichlorvos, tí wọ́n ń pè ní ota-piapia, sí ẹ̀fọ́ àti ata. Májèlé ni. Nítorí bó ṣe ń pa èèyàn ni NAFDAC fi fòfin de títa ìgò kéékèèké rẹ̀ lọ́dún 2019. Ata tẹ́ ẹ fọ́n ọn sí láàárọ̀, ọmọ kékeré lè ja á sẹ́nu nírọ̀lẹ́.

Ìkarùn-ún, bó bá rú yín lójú, ẹ já ewé náà pẹ̀lú ẹ̀ka rẹ̀ díẹ̀, ẹ dì í sínú ọ̀rá, ẹ gbé e lọ bá òṣìṣẹ́ OGADEP, ìyẹn àjọ tó ń gba àwọn àgbẹ̀ nímọ̀ràn ní ìpínlẹ̀ wa. NIHORT tó wà ní Ìdí-Ìṣìn, Ìbàdàn, láti ọdún 1975, ọ̀rọ̀ èso àti ẹ̀fọ́ gan-an ni iṣẹ́ tiwọn. Fún pákí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní fóònù ayélujára lè lo PlantVillage Nuru. Ẹ ó gbé kámẹ́rà síwájú ewé, á sọ bóyá ó jọ àìsàn, kódà níbi tí kò ti sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Ata tèmi tí mo fi oògùn jó lọ́jọ́sí? Nígbà tí mo ronú sẹ́yìn, mo rántí pé ewé wọn máa ń na ara wọn láàárọ̀. Omi ni wọ́n ń bẹ̀ mí fún, mo sì fún wọn ní májèlé. Ẹ̀yin ẹ má ṣe bíi tèmi. Lọ́la, tẹ́ ẹ bá jí, kẹ́ ẹ tó mú owó jáde, ẹ dé ẹ̀yìnkùlé, kẹ́ ẹ yí ewé kan padà wò. Ọbẹ̀ á dùn o.